Ọdún kan tí wọ́n ní kí n dúró: owó kọ́lẹ́ẹ̀jì fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba green card

Oṣù kẹjọ ọdún 2023 ni mo balẹ̀ sí Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas. Bàbá mi, tó ti di ọmọ ìlú Amẹ́ríkà, ló bá mi ṣe ìwé. Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà náà. Kí oṣù náà tó parí, kò dín ní ènìyàn márùn-ún tó ti sọ ọ́ sí mi létí, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lóde àríyá, pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé gbọ́dọ̀ lo ọdún kan gbáko kí ìjọba tó dá a lóhùn lórí owó ilé-ìwé. Àgbà ni wọ́n, wọ́n sì ti pẹ́ níbí jù mí lọ, nítorí náà mi ò bi ẹlòmíràn léèrè mọ́. Kò sí ọ̀rọ̀ tó gba owó lọ́wọ́ mi tó ìyẹn láti ìgbà tí mo ti dé. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ èyí fún ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn.

Òfin méjì ni wọ́n lọ̀ mọ́ra wọn. Àkọ́kọ́ ni ti ìjọba àpapọ̀: Pell Grant, tí í ṣe owó ọ̀fẹ́ tí a kì í dá padà; owó tí ìjọba ń yá akẹ́kọ̀ọ́; àti iṣẹ́ inú ọgbà ilé-ìwé tí wọ́n ń pè ní work-study. Ẹni tó ní green card lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè fún gbogbo rẹ̀, lórí fọ́ọ̀mù kan tí wọ́n ń pè ní FAFSA, láti ọjọ́ tó bá wọlé. Kò sí ọ̀rọ̀ ọdún kan níbẹ̀, kò sí ti oṣù kan. Kódà green card ọlọ́dún méjì tí wọ́n ń fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ọmọ ìlú kò yàtọ̀ sí ti ọlọ́dún mẹ́wàá lórí èyí. Òfin kejì ni ti ìpínlẹ̀: iye tí ilé-ìwé gíga ìjọba ń gbà lọ́wọ́ olùgbé ìpínlẹ̀ náà kò tó iye tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ti ìta wá. Níbẹ̀ ni oṣù méjìlá ti wọlé, ní Texas àti ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ mìíràn. Mo gbé òfin kejì lé àkọ́kọ́ lórí, mo sì jókòó tẹtẹrẹ, mò ń ka oṣù.

Mo tún rò pé káàdì náà gan-an gbọ́dọ̀ tẹ̀ mí lọ́wọ́. A kò tètè san owó títẹ̀ ẹ́, $220 nígbà náà, tó di $235 láti oṣù kẹrin 2024, nítorí náà oṣù kọkànlá ni káàdì tó dé. Mi ò mọ̀ pé bí òṣìṣẹ́ pápákọ̀ òfurufú bá ti lu òǹtẹ̀ sí fisa ìgbélùú inú ìwé ìrìnnà, fisa yẹn ti dúró bíi green card fún ọdún kan. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀. Ẹ máa rí I-551, tí í ṣe orúkọ tí ìjọba ń pe green card, níbẹ̀. A-Number, nọ́ńbà tí ìjọba fi ń mọ aṣíkiri kọ̀ọ̀kan, tí FAFSA máa béèrè wà lójú ewé kan náà, níbi tí wọ́n kọ Registration Number sí: lẹ́tà A, kí nọ́ńbà mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án tẹ̀lé e. Bó bá jẹ́ mẹ́jọ, ẹ fi òdo síwájú kó lè pé mẹ́sàn-án.

Ohun tí ẹ ò lè ṣe láìní ni nọ́ńbà Social Security, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìjọba tó dà bíi NIN tiwa. Bí ẹ bá ti béèrè fún un nígbà tí ẹ ń kún DS-260, fọ́ọ̀mù tí a fi ń béèrè fún fisa ìgbélùú, nílé, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí yín láìjẹ́ pé ẹ lọ síbì kankan. Àwa kò béèrè, èmi fúnra mi ni mo gbé ìwé ìrìnnà lọ sí ọ́fíìsì wọn. Ẹ fara balẹ̀ wo orúkọ tó bá jáde lórí káàdì yẹn. Orúkọ ìdílé ló ṣáájú lórí èsì WAEC mi. Lórí káàdì, òun ló kẹ́yìn. Nígbà tí mo wá ń ṣí àkáǹtì ní studentaid.gov, ibi tí a ti ń kún FAFSA lórí ayélujára, bí WAEC ṣe tò ó ni mo ṣe tò ó, wọ́n sì ní àwọn kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ bá ti káàdì Social Security mu, ọjọ́ ìbí náà gbọ́dọ̀ bá a mu. Òun ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo WAEC.

Ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀kọ́ láti ilé kò gùn. Mo ti ṣe ọdún kan ní poli kí n tó kúrò, mo sì fẹ́ kí wọ́n ka iṣẹ́ ọdún yẹn fún mi. Mo sanwó fún àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní document-by-document torí òun ló dínwó. Ìyẹn kàn ń sọ pé ìwé báyìí ló dọ́gba pẹ̀lú ìwé báyìí ní Amẹ́ríkà ni. Course-by-course ló ń kọ kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan àti máàkì rẹ̀ jáde, òun nìkan ló sì wúlò fún ẹni tó fẹ́ kí wọ́n gba kọ́ọ̀sì rẹ̀ wọlé. Mo san lẹ́ẹ̀mejì. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi ilé-ìwé yín léèrè irú èyí tí wọ́n fẹ́ àti ilé-iṣẹ́ tí wọ́n gbà. Àwọn tó wà lábẹ́ NACES, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń yẹ ìwé ẹ̀kọ́ òkèèrè wò, ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé máa ń gbà. Tránskírípìtì sì rèé, ilé-ìwé tí ẹ ti kúrò ló gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ tààrà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ yín ṣì wà nílé. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń bẹ àwọn ènìyàn lórí fóònù.

Ní oṣù kìíní 2024 mo wọ community college kan, kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba tí owó rẹ̀ kéré, tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣe ọdún méjì àkọ́kọ́. Ìpinnu yẹn kò dùn mí rí. Ní Texas, yúnìtì 42 ni wọ́n ń pè ní core curriculum, àwọn kọ́ọ̀sì ìpìlẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ dìgírì gbọ́dọ̀ ṣe, àwọn ilé-ìwé gíga ìjọba ìpínlẹ̀ náà sì ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn. ENGL 1301 (Gẹ̀ẹ́sì), MATH 1314 (ìṣirò) àti irú wọn tí ẹ bá ṣe ní owó pọ́ọ́kú máa tẹ̀lé yín lọ sí yunifásítì. Ìdánwò TSI, tí wọ́n fi ń wò bóyá akẹ́kọ̀ọ́ ti múra tán fún iṣẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ni kí ẹ má fi ojú yẹpẹrẹ wò: kíkà, kíkọ àti ìṣirò ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá kùnà yóò máa sanwó fún kọ́ọ̀sì àtúnkọ́ tí wọn kì í kà mọ́ dìgírì.

Fọ́ọ̀mù ìgbaniwọlé ní abala kan tó ń wádìí ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé. Mo dáhùn gbogbo rẹ̀ lórí ara mi nìkan: mo dé ní oṣù kẹjọ, kò tíì pé ọdún kan, ó parí. Wọ́n fi mí sí ìsọ̀rí ará ìta, owó tó sì wá lórí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti olùgbé. Bẹ́ẹ̀ ọdún mẹ́sàn-án ni bàbá mi ti ń gbé Houston, èmi náà sì ń gbé inú ilé rẹ̀. Òfin Texas sọ pé bí akẹ́kọ̀ọ́ bá jẹ́ ẹni tí òbí lè kọ sínú ìwé owó orí gẹ́gẹ́ bí ọmọ tó wà lábẹ́ rẹ̀, ibùgbé òbí ni wọ́n máa wò. Oṣù méjìlá bàbá mi ti pé tipẹ́tipẹ́. Ìbéèrè lórí òbí wà nínú fọ́ọ̀mù yẹn. Èmi ni mo fò ó, torí àgbọ́sọ ti kún etí mi. Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá tó kàn gbà yín sílé kò kà níbí o, òbí ni wọ́n wí.

Ẹni tí wọ́n bá ṣì sọ́wọ́ lè béèrè àtúnṣe, àmọ́ kí ọjọ́ tí wọ́n ń ka orí akẹ́kọ̀ọ́ tó kọjá. Ní sáà gígùn (fall tàbí spring) ní Texas, ọjọ́ kejìlá ẹ̀kọ́ ni. Nígbà tí mo pàpà ṣe é fún sáà tó tẹ̀ lé e, ìwé owó orí bàbá mi, ìwé ilé àti lẹ́tà láti ibi iṣẹ́ rẹ̀ ni mo kó lọ. Àwọn kan á sọ fún yín pé káàdì ìdìbò náà wà lára ẹ̀rí ibùgbé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ará mi, ẹni tó ní green card kò gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò rárá. Ìbéèrè yẹn máa ń yọjú níbi tí ẹ ti ń gba láìsẹ́ǹsì ọkọ̀. Ẹ kà á kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Wọ́n lè torí ẹ̀ lé ènìyàn kúrò nílùú, wọ́n sì lè torí ẹ̀ kọ̀ láti fún un ní ìwé ọmọ ìlú lọ́jọ́ iwájú.

Láti san owó sáà àkọ́kọ́ yẹn, mo yá $4,000 lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ayánilówó aládàáni kan, èlé 12.9%. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò ní ìtàn gbèsè kankan tí wọ́n lè yẹ̀ wò, nítorí náà wọ́n ní kí n mú onídùúró wá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi sì bá mi fọwọ́ sí i. Èlé bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí owó jáde. Lọ́dún ẹ̀kọ́ yẹn kan náà, 5.50% tí kì í yí padà ni ìjọba àpapọ̀ ń gbà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì gba dìgírì, láìsí onídùúró, láìyẹ ìtàn gbèsè ẹnikẹ́ni wò. Ọmọ abẹ́ òbí tó wà lọ́dún kìíní lè yá tó $5,500 lọ́dún. Èyí tí wọ́n ń pè ní subsidized nínú rẹ̀ kò lè ju $3,500 lọ, ìjọba ló sì ń san èlé ìyẹn ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fi ń ṣe ó kéré tán ìdajì iṣẹ́ sáà. Ẹni tó dá dúró lè yá tó $9,500. Mi ò tilẹ̀ ṣí ojú ewé náà wò.

Oṣù keje 2024 ni mo lọ sí ọ́fíìsì ìrànwọ́ owó, torí mo ka oṣù, ó kù díẹ̀ kí ọdún kan pé. Màmá kan tó jẹ́ ará Abẹ́òkúta ló dá mi lóhùn. Ó wo kọ̀ǹpútà, ó wò mí. Ó ní, "Ọmọ mi, ta ló sọ fún ẹ pé kó o dúró?" Mo dákẹ́. Ó ní fọ́ọ̀mù FAFSA ọdún ẹ̀kọ́ 2023–24 ti kógbá wọlé ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹfà, àti pé bí mo bá kún un nígbà tí mo ṣì wà ní kíláàsì, ìdajì Pell ọdún yẹn, nǹkan bí $3,697, ṣeé ṣe kó wọlé fún mi. Ọ̀sẹ̀ kan àti ọjọ́ méjì péré ni mo fi pẹ́. Mo jókòó sínú bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà, mi ò rántí sọ̀ kalẹ̀ níbi tó yẹ.

Ọjọ́ kejì ni mo bẹ̀rẹ̀ FAFSA 2024–25. Níbi ọmọ ìlú, "Eligible noncitizen" ni kí ẹ yàn. Ọ̀pọ̀ ń yan èyí tó tẹ̀ lé e nítorí wọ́n rí i pé àwọn kì í ṣe ọmọ ìlú, ọ̀nà wọn sì dí níbẹ̀. Ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 24, tí kò níyàwó tàbí ọkọ, tí kò lọ́mọ tó ń bọ́, ọmọ abẹ́ òbí ni lójú fọ́ọ̀mù yìí, ì báà máa dá gbọ́ bùkátà ara rẹ̀. Àwọn ipò díẹ̀ mìíràn wà, bíi ti ọmọ aláìlóbìí tàbí ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ológun. Bí òbí bá jẹ́ tọkọtaya tí wọn kò jọ kọ ìwé owó orí kan náà, àwọn méjèèjì ló gbọ́dọ̀ wọlé sínú fọ́ọ̀mù. Ìyá mi ṣì wà ní Ìbàdàn, iṣẹ́ tíṣà kò tíì jẹ́ kó wá. Kò ní nọ́ńbà Social Security, ṣùgbọ́n àyè wà láti ṣí àkáǹtì láìní in, pẹ̀lú ímeèlì, fóònù àti àdírẹ́sì ilé. Ó sì gbọ́dọ̀ tẹ ibi tó ti fọwọ́ sí i pé kí wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ owó orí òun wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò san owó orí kankan rí ní Amẹ́ríkà. Bí ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn kò bá fọwọ́ sí i, kò sí owó ìjọba àpapọ̀.

Ibi tí a ti ṣìṣe jù nìyí. Fọ́ọ̀mù ọdún yẹn ń béèrè owó tó wọlé ní 2022, nítorí ọdún méjì sẹ́yìn ni wọ́n máa ń wò. Ìyá mi ń gba ₦160,000 lóṣù, ó sì kọ ₦1,920,000 sínú àpótí, láìsí ẹni tó sọ fún un pé dọ́là ni wọ́n ń béèrè. Lójú kọ̀ǹpútà, ó ti di olówó tó ń gba nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì dọ́là lọ́dún. Pell mi di òdo. Owó ilẹ̀ òkèèrè ni kí ẹ ṣẹ́ sí dọ́là, iye tí a ń ṣẹ́ ẹ sì ni ti ọjọ́ tí ẹ ń kún fọ́ọ̀mù, kì í ṣe ti ọdún tí owó wọlé. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò kéré fún àwa ọmọ Nàìjíríà: bí náírà bá wà ní 440 sí dọ́là kan, owó ìyá mi jẹ́ nǹkan bí $4,363, bó bá wà ní 1,500, $1,280 ni. Mo wọlé padà, mo ṣe àtúnṣe, mo sì tọ́jú àwòrán iye pàṣípààrọ̀ ọjọ́ náà sínú fáìlì. Ìyẹn gbà mí nígbà tí ilé-ìwé mú fọ́ọ̀mù mi fún àyẹ̀wò, tí wọ́n ní kí n fi ẹ̀rí hàn. Sílíìpù owó oṣù ìyá mi àti lẹ́tà tó fọwọ́ sí pé òun kò kọ ìwé owó orí ní Amẹ́ríkà ni mo fi tì í.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tún bẹ̀rù nǹkan kan. Òun ló bá wa fọwọ́ sí I-864, ìwé tí onígbọ̀wọ́ ẹni tó ń wá green card ń fọwọ́ sí, nígbà tí owó bàbá mi kò tó, ó sì rò pé gbogbo ohun tí mo bá gbà lọ́wọ́ ìjọba ni wọ́n máa wá gbà padà lọ́wọ́ òun. Owó ìrànwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lábẹ́ òfin ẹ̀kọ́ gíga kò sí lára rẹ̀. Ó wà nínú ìtọ́ni I-864 fúnra rẹ̀. Owó tó ń wọlé fún un kò sì gbọ́dọ̀ wọ FAFSA mi, torí òun kọ́ ni òbí mi. Mo mọ ẹnì kan tó kọ owó onígbọ̀wọ́ rẹ̀ sí ibi tí wọ́n kọ òbí sí, tó sì pàdánù Pell ọdún kan.

Pẹ̀lú owó ilé kan náà, Pell tó pé, $7,395, ni wọ́n fún mi fún 2024–25. Iye yẹn wà fún ẹni tó bá ń ṣe yúnìtì 12 ní sáà kọ̀ọ̀kan. Yúnìtì 6 máa mú ìdajì wá. 7 máa mú 58 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá fi kíláàsì sílẹ̀ pátápátá kó tó lo 60 nínú ọgọ́rùn-ún sáà náà máa dá apá kan padà, ilé-ìwé sì lè gbé gbèsè náà kọ́ ọ lọ́rùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gba B.Sc. nílé, ọ̀rọ̀ yín yàtọ̀, ó sì ń dùn mí láti sọ ọ́. Dìgírì àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ òkèèrè ti gbé Pell lọ, ì báà jẹ́ pé kò sí ilé-iṣẹ́ kan níbí tó kà á sí. OND kò gbé e lọ. Ẹ má fi dìgírì pamọ́. Irọ́ lórí fọ́ọ̀mù ìjọba kì í ṣe ohun tí ẹni tó ń wá ìwé ọmọ ìlú ń ṣeré pẹ̀lú. Owó ẹ̀yáwó ìjọba ṣì wà fún yín. Ẹ tún bi ibi iṣẹ́ yín léèrè: òfin gba agbanisíṣẹ́ láàyè láti san tó $5,250 lọ́dún lórí ẹ̀kọ́ òṣìṣẹ́, láìsí owó orí lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọsibítù ń ṣe é.

Ọ̀nà kan ṣoṣo tí díẹ̀ nínú owó sáà àkọ́kọ́ yẹn gbà padà wá ni ìwé owó orí. American Opportunity Credit, ẹ̀dínwó owó orí fún ẹni tó ń san owó kọ́lẹ́ẹ̀jì, ń dá gbogbo $2,000 àkọ́kọ́ tí ẹ ná lórí ẹ̀kọ́ àti ìdámẹ́rin $2,000 tó tẹ̀ lé e padà, $2,500 lápapọ̀, fún ọdún mẹ́rin péré. Owó tí ẹ yá láti san án kà. Ẹni tó bá kọ ara rẹ̀ sí "married filing separately", ìyẹn ẹni tó ti ṣègbéyàwó àmọ́ tó ń dá ìwé owó orí tirẹ̀ kọ, kò lè gbà á, ibẹ̀ sì ni bàbá mi ti wà fún ọdún púpọ̀. Akọ̀wé owó orí rẹ̀ ló ṣàlàyé pé nítorí pé ìyá mi kò gbé Amẹ́ríkà, tí èmi sì ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ju ìdajì ọdún lọ, ó lè kọ "head of household", ìyẹn ẹni tó ń dá gbọ́ bùkátà ilé. Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún 2024, pẹ̀lú fọ́ọ̀mù 1098-T tí ilé-ìwé fún mi, tó ń fi owó ilé-ìwé tí mo san hàn.

Kò sí ẹni tó yẹ kó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín láti kún FAFSA, ọ̀fẹ́ ni. Ọdọọdún ni wọ́n ń kún un, ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ló sì sábà máa ń ṣí. Bí owó ilé bá ti dínkù láti ọdún tí wọ́n ń wò, ẹ kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì ìrànwọ́ owó pẹ̀lú sílíìpù owó iṣẹ́. Wọ́n láṣẹ láti tún un ṣírò. Bàbá mi fi $1,900 nínú owó orí tí wọ́n dá padà fún un yẹn san lára gbèsè aládàáni náà. Ó ṣì ku $1,460, orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì wà lórí ẹ̀ títí di ìsinsìnyí.